Omi Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá fẹ́ wọ ìdíje triathlon ọlọ́nà jíjìn fún ìgbà àkọ́kọ́ ló máa ń wo ọjọ́ rẹ̀, iye owó rẹ̀, àti bí ìlú náà ṣe súnmọ́ ilé wọn sí. Èmi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pé omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀, ìdíje tí ènìyàn máa ń lúwẹ̀ẹ́, tí yóò gun kẹ̀kẹ́, tí yóò sì tún fi ẹsẹ̀ sáré lọ́jọ́ kan náà ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní Ironman ni ẹ̀gbọ́n mi ń lé: kìlómítà 3.8 nínú omi, 180 lórí kẹ̀kẹ́, 42.2 lórí ẹsẹ̀. Erékùṣù Oahu ní Hawaii ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1978. Ọkùnrin 15 ló gbéra lọ́jọ́ náà, 12 ló parí rẹ̀.

Manchester ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn lọ síbi iṣẹ́, eré sísá kò sì ṣòro fún wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 27 ni wọ́n kí wọ́n tó mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wá! Apẹja ni bàbá bàbá wa. Àbúrò màmá wa ọkùnrin ló wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ kan, kí wọ́n tó bí mi, tí kò sì padà wálé. Láti ìgbà náà, Màmá kò jẹ́ kí ọmọ wọn kankan ti ẹsẹ̀ bọ ọ̀sà. Ẹja láti ọjà Olúwo kì í wọ́n nínú ọbẹ̀ wa, ṣùgbọ́n omi inú báàfù nìkan ni àwa ọmọ mọ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ èrò wọn lórí fóònù, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Màmá bi wọ́n: "Omi wo?" Wọ́n sì gbé fóònù náà fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìwọ lo fẹ́ràn ìwé kíkà. Jọ̀ọ́, bá mi wá omi tí Màmá lè gbà."

Bí mo ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé bó bá rẹ ènìyàn lórí kẹ̀kẹ́, ó lè sọ̀ kalẹ̀ kó jókòó sábẹ́ igi. Bó bá rẹ ẹni tó ń sáré, ó lè máa rìn. Omi kò ní àga. Òun ló sì ṣíwájú: nínú ọ̀pọ̀ Ironman, ẹni tí kò bá jáde nínú omi láàárín wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 20 kò ní fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́, bó ti wù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lágbára tó.

Mo wá ṣírò rẹ̀. Nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ oní-mítà 25, kìlómítà 3.8 jẹ́ ìgbà 152 láti etí kan dé èkejì. Ẹ̀gbọ́n mi ń lo ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 fún mítà 100. Bí wọ́n bá lè máa lọ bẹ́ẹ̀ láìdúró, wákàtí kan àti bí ìṣẹ́jú 41 ni wọ́n máa lò. Àkókò kù sílẹ̀. Ẹ̀rù ló lè jẹ ẹ́ tán.

Tenby ní Wales ló wu ẹ̀gbọ́n mi, nítorí wọ́n lè wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Òótọ́ ni pé omi iyọ̀ máa ń gbé ènìyàn léfòó ju omi lásán lọ. Ṣùgbọ́n òkun gidi ni, ó ní ìgbì, kò sì sí ìlà dúdú nísàlẹ̀ rẹ̀ bíi ti odò ìlúwẹ̀ẹ́ tí yóò fi ọ̀nà hàn ọ́. Ẹni tí kò bá gbórí sókè wo àmì tó léfòó yóò máa rìn wọ́gọwọ̀gọ, yóò sì fi kún ọ̀nà ara rẹ̀. Ti Norseman ní Norway tilẹ̀ burú jù: láti inú ọkọ̀ ńlá ni wọ́n ti ń fò sínú omi tútù. Mi ò jẹ́ kí Màmá gbọ́ ìyẹn rárá. Ní Chattanooga ní Amẹ́ríkà, odò ń ṣàn bá ọ lọ ni, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí Manchester.

Ibi tí ọkàn mi balẹ̀ sí ni Roth ní Jámánì. Orúkọ Ironman kọ́ ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kìlómítà 3.8 náà ni omi rẹ̀. Kánàlì ni, omi tí ènìyàn fọwọ́ gbẹ́. Kò ní ìgbì òkun. Lọ́jọ́ ìdíje, wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù gba ibẹ̀ kọjá. Bèbè wà lọ́tùn-ún àti lósì, nítorí náà, bó o bá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti mí, o ti mọ̀ bóyá o ń lọ tààrà. Ìṣòro rẹ̀ kan ni pé ààyè rẹ̀ kì í pẹ́ tán.

Mo jókòó ti Màmá nílé ìdáná, mo fi àwòrán kánàlì náà hàn wọ́n. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Bó bá rẹ̀ ẹ́ láàárín ńkọ́?"

"Màmá, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kékeré máa ń tẹ̀ lé wọn. Òfin gbà kí ó di ọkọ̀ náà mú kó sinmi, bí ọkọ̀ ò bá ṣáà ti fà á síwájú."

"Wọn ò ní lé e jáde?"

"Wọn ò ní lé wọn, mà."

Mo tún sọ nípa aṣọ rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ nígbà tí omi bá tutù, tó ń mú ara léfòó. Màmá ò fèsì. Wọ́n tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń já.

Wọn kò tíì sọ pé àwọn gbà. Ẹ̀gbọ́n mi náà kò tíì sanwó níbì kankan, wọ́n ní àwọn ń dúró de ẹnu Màmá. Ṣùgbọ́n lálẹ́ àná, nígbà tí mo fẹ́ lọ sùn, Màmá pè mí padà. Wọ́n bi mí bóyá etí kánàlì yẹn ní ibi tí àgbàlagbà lè jókòó sí. Mo ní koríko wà níbẹ̀.