Ọ̀bẹ Alágbẹ̀dẹ ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Bí ẹ bá kúrò ní Òṣogbo, tí ẹ gba Ìkìrun kọjá, tí ẹ sì ń lọ sí ìhà Ìlá-Ọ̀ràngún, ilẹ̀ Ìgbómìnà ti Ọ̀ṣun ni ẹ forí lé yẹn. Òkè-Ìlá, níbi tí omi Àyìkúnnugbá ti ń já bọ́ láti orí àpáta, kò jìnnà síbẹ̀, Ọ̀rà náà sì wà nítòsí. Àwọn Ìgbómìnà yòókù wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ní Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo àti àwọn ìlú mìíràn. Kí àlejò má ṣì í pè o: Ìlá ni ìlú, kì í ṣe ilá tí à ń rẹ́ sínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń rẹ́ ilá gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.

Orúkọ ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, ara irin ló ti wá. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé nígbà tí Ọ̀ràngún, ọmọ Odùduwà, ń kúrò ní Ifẹ̀, baba rẹ̀ fún un ní Ogbó, ohun tó dàbí àdá, pé kí ó máa fi la ọ̀nà nínú igbó. Níbi tí ọ̀nà bá ti dàrú mọ́ wọn lójú, Ogbó náà ló ń tọ́ wọn sọ́nà. Ni wọ́n bá ń sọ pé Ogbó mọ ọ̀nà, òun náà ló di Ìgbómìnà lẹ́nu wa lónìí. Ìwọ̀nba ẹ̀yà ló ń jẹ́ orúkọ àdá láyé yìí.

Láyé àtijọ́, àwọn baba wa ló ń yọ́ irin fúnra wọn láti inú òkúta. Ìsúndúnrìn nítòsí Èjìgbò, ní Ọ̀ṣun kan náà, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ C. V. Bellamy sì kọ ìwé ní ọdún 1904 nípa ilé ìyọ́rin kan nítòsí Ọ̀yọ́. Nígbà tí irin òkèèrè dé, iná ìyọ́rin kú díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n iná àgbẹ̀dẹ kò kú. Sípíríǹgì abẹ́ mọ́tò tó ti kọṣẹ́ ni alágbẹ̀dẹ ń lò jù báyìí, irin tó dára ni, nítorí ó le, kò sì yá kán. Yóò tì í bọ inú èédú, ẹwìrì yóò máa fẹ́ ẹ, yóò fi ẹ̀mú gbé e jáde nígbà tó bá pọ́n bí ẹ̀yìn, yóò sì fi ọmọ owú lù ú títí yóò fi fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò rì í bọ omi kí ojú rẹ̀ lè le. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

Àwọn ará kan máa ń fà sẹ́yìn láti ra ọ̀bẹ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ nítorí ọ̀rọ̀ Ògún. Lójú tèmi, irin ni irin ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ òde òní ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ẹ sì kàn ń san owó iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Ní Ìlá, kì í ṣe inú ilé ìdáná nìkan ni ọ̀bẹ àgbẹ̀dẹ ti wúlò. Ìlú agbẹ́gilére ni. Ibẹ̀ ni ìdílé Fákẹ́yẹ ti wá, Làmídì Fákẹ́yẹ tó di olókìkí káàkiri ayé sì ni ọmọ wọn. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ kún ti ilé lọ́dọ̀ Bándélé ní Ọyẹ́-Èkìtì ní ọdún 1949, ó ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, òun ló sì gbẹ́ ère Odùduwà tó wà níbẹ̀. Ó fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2009. Gbogbo iṣẹ́ dídán bẹ́ẹ̀, ẹnu irin tó mú ló ń ṣe é. Bí ọ̀bẹ sì ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Jàpáànì, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Sakai, tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ọ̀bẹ ìdáná. Ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn, ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé tábà ni wọ́n fi gba orúkọ. Ẹnì kan a rọ ọ̀bẹ, ẹlòmíràn a pọ́n ọn, ẹlòmíràn a sì fi èkù sí i. Wọn a lẹ irin líle mọ́ irin rírọ̀ nínú iná kí ẹnu rẹ̀ lè mú, kí ara rẹ̀ má sì kán. Àwọn èèyàn ilẹ̀ òkèèrè ń san owó ńlá lórí ọ̀bẹ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ìlànà ìtọ́jú tí wọ́n ń kọ́ ẹni tó bá rà á kò yàtọ̀ sí ti ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ wa, nítorí irin tó ń dógùn-ún ni méjèèjì. Ọ̀bẹ funfun tí ń dán lọ́jà ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní chromium nínú, òun ni kì í jẹ́ kí ó tètè dógùn-ún. Èyí tó fẹ́lẹ́ tí kò wọ́n nínú wọn kì í pẹ́ kújú, a ó sì jù ú nù, a ó ra òmíràn. Bí a ti ń ṣe èyí, ọmọ alágbẹ̀dẹ ń wo baba rẹ̀ tí kò rí oníbàárà, òun náà lọ ń gun ọ̀kadà.

Nínú Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní orí 13, a kà pé kò sí alágbẹ̀dẹ kankan ní Ísírẹ́lì, wọ́n sì ní láti lọ bá àwọn Fílístínì pọ́n ohun èlò oko wọn, pẹ̀lú owó lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ bá ra ọ̀bẹ àgbẹ̀dẹ, ẹ má ṣe fi sílẹ̀ nínú bàsíà omi mọ́jú. Ẹ fọ̀ ọ́ kété tí ẹ bá lò ó tán, ẹ fi aṣọ nù ún gbẹ. Ẹlòmíràn tó bá ti ọwọ́ bọ bàsíà náà lè fi gé ọwọ́, ìyẹn nìkan tó ìdí. Bí ẹ kò bá ní lò ó fún ìgbà díẹ̀, ẹ fi àdín pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Tòmátì, ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú yóò mú kí ara rẹ̀ dúdú. Ẹ má bẹ̀rù, dúdú yẹn kì í ṣe ìpáàrà, ó tilẹ̀ ń dáàbò bò ó díẹ̀. Èyí tó bá pupa tó sì ń hó ni kí ẹ fi eérú àti kànìnkànìn fọ̀ kúrò.

Ohun tó ń ba ọ̀bẹ jẹ́ jù ni iná. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ń fi ọ̀bẹ ro èédú, tàbí tó ń tì í bọ iná kó lè fi gé ọ̀rá. Líle tí alágbẹ̀dẹ fi omi kó sí i, iná yóò kó o jáde, kò sì ní mú pẹ́ mọ́. Ìdí kan náà ni mi ò fi fẹ́ràn ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ tí wọ́n ń gbé kiri, tí iná ń ta lára rẹ̀ yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́, àfi bí onítọ̀hún bá ń ri ọ̀bẹ bọ omi léraléra. Òkúta tó kúnná tí ẹ fi omi rin ló dára jù. Bí kò bá sí, ẹ dojú àwo tánganran dé, etí ìdí rẹ̀ tí kò dán yóò ṣe é. Ẹ dẹ ọ̀bẹ náà sílẹ̀ dáadáa, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lórí òkúta, kí iye ìgbà tí ẹ pọ́n ẹ̀gbẹ́ kan bá ti èkejì mu. Tòmátì ni kí ẹ fi dán an wò, kì í ṣe àtàǹpàkò. Ẹ má fi ṣí agolo, ẹ má sì fi gé egungun. Àdá wà fún ìyẹn.

Bí èkù bá sì ń mì, ẹ má fi okùn dì í. Ẹ mú un padà lọ sí àgbẹ̀dẹ. Yóò ti ìdí ọ̀bẹ náà nìkan bọ iná, yóò fi gún igi tuntun títí yóò fi wọlé ṣinṣin, yóò sì da omi sí i. Kí ẹ tó ra tòlótòló tán lọ́jà, ó ti ṣe tán.