Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Nítorí Kíríkẹ́ẹ̀tì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti wà nínú mi láti ọdún 1976. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ìyàwó mi nìkan ló gbọ́ ọ, òun náà kò sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

Ohun tó fà á tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí nìyí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí wọn kò tíì pé ọmọ ogún ọdún na New Zealand níbi ìdíje kíríkẹ́ẹ̀tì àgbáyé tó wáyé ní Malaysia. Ayò méjì péré ni wọ́n fi jù wọ́n lọ. Inú mi dùn, ni mo bá pe ọmọ-ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lórí fóònù pé ṣé ó gbọ́. Ó ní òun gbọ́. Ó ní ọmọ Jàmáíkà kan wà ní kíláàsì àwọn tó máa ń fi kíríkẹ́ẹ̀tì yangàn, pé òun ti sọ fún un kó panu mọ́, ṣebí àwọn baba ńlá òun ló ta àwọn baba ńlá tiẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí èmi náà fẹnu ara mi sọ lọ́dún 1976 nìyẹn gẹ́lẹ́, bí ẹni pé mo fi jogún fún un.

Ọmọ ọdún 27 ni mí nígbà náà. Mo ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé búrẹ́dì kan, mo sì ń kọ́ ìṣirò owó lọ́sàn-án. Ilé ọmọ Jàmáíkà kan ní Brixton ni mo háyà yàrá sí. Bàbá onílé wa ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kíṣìnnì kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò, òun àti ìyàwó wọn, àti èmi ayálégbé.

Ní ìparí oṣù keje, ìyá mi fi irú ránṣẹ́ sí mi láti ilé. Mo se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, mo da irú sí i bó ṣe yẹ, mo fi panla lé e. Ooru ọdún yẹn ò sì kéré. Òjò kọ̀, kò rọ̀, gbogbo koríko Lọ́ńdọ̀nù gbẹ bí ìgbà tí ọyẹ́ bá jà nílé wa. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí irú á ṣe máa rùn nínú irú ooru bẹ́ẹ̀. Ìyá onílé wọlé, wọ́n di imú mú, wọ́n ní kí ló kú sínú ìkòkò mi, pé àwa ará Áfíríkà ò mọ oúnjẹ ọmọ ènìyàn.

Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n èsì tí mo fọ̀ burú ju ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lọ. Mo ní, “Ta lẹ̀yin tí ẹ ń bú mi? Ṣebí àwọn bàbá wa ló tà yín fún òyìnbó.” Mo rọra pe Gẹ̀ẹ́sì náà lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè yé wọn dáadáa. Èmi ò mọ̀ pé Bàbá onílé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò bú mi, wọn ò lé mi jáde. Wọ́n kàn yíjú padà ni, wọ́n lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí wọn, wọn ò ní dáhùn. Owó ilé, orí tábìlì ni mò ń gbé e sí, wọ́n á mú un nígbà tí mi ò bá sí ńbẹ̀. A jọ gbé bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ilé tí èèyàn ń gbé tí ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn, ṣé ilé nìyẹn?

Àsìkò yẹn gan-an ni West Indies wá bá England ta kíríkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ eré náà, kò le: ẹni tó di pákó mú ń ṣọ́ igi mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ń wá bí òun ṣe máa ju igi náà wó. Bí ẹni tó di pákó bá gbá bọ́ọ̀lù jìnnà, á máa gba ayò. Irú èyí tí West Indies àti England ta yẹn, ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á dúró jẹun, wọ́n á dúró mu tíì.

Kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà, Tony Greig, balógun England, bọ́ sórí tẹlifísàn, ó ní òun máa jẹ́ kí àwọn West Indies rákòrò nílẹ̀ níwájú àwọn. South Africa ni wọ́n ti bí Greig. Oṣù kẹfà yẹn náà ni ọlọ́pàá South Africa ń yìnbọn pa àwọn ọmọ iléèwé ní Soweto. Ẹ wá wo ẹni tó ń sọ fún aláwọ̀ dúdú pé kó rákòrò! Gbogbo Brixton gbóná. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Oval fún ìfigagbága karùn-ún, West Indies ti na England lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti gba ife ná. Síbẹ̀ kò tó wọn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà nílẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì kan, ọmọ Barbados, ló mú mi lọ sí Oval lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ, tí í ṣe ọjọ́ kẹrin eré náà. Kò gbọ́ nípa ìjà èmi àti onílé mi rárá. Kí a tó débẹ̀, West Indies ti gba ayò 687, Viv Richards nìkan gba 291. England náà gba 435, Dennis Amiss gba 203 nínú rẹ̀. Ilẹ̀ pápá náà ti gbẹ, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ran ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rárá. Àfi Michael Holding, ọmọ Jàmáíkà. Òun nìkan mú ènìyàn 8 nínú 10. Ọmọkùnrin náà á sáré bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, àwọn rẹfirí ní àwọn kì í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Fredericks àti Greenidge ń gbá England káàkiri pápá. Àwọn èèyàn wa ń lu agolo bíà, wọ́n ń fọn fèrè, wọ́n ń pariwo mọ́ Greig pé kó rákòrò, kó rákòrò. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú lọ, Greig kọjú sí wa. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ tilẹ̀, ó sì rá lórí koríko gbígbẹ níwájú gbogbo ayé. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ariwo tó sọ, ẹ ẹ̀ gbọ́ irú rẹ̀ rí!

Nígbà tí a kúrò níbẹ̀, dẹ́rẹ́bà ní ilé onílé mi ni ká lọ, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì lálaalẹ́. Ẹsẹ̀ mi wúwo, àmọ́ kí ni mo fẹ́ sọ? A bá Bàbá onílé àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì nídìí dómínò, ọmọ Guyana kan àti télọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Antigua. Mo jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bàbá ò wo ibi tí mo wà.

Ìjà kìíní tí wọ́n jà dá lórí Clive Lloyd, balógun West Indies. Ayò 252 ni wọ́n fi ju England lọ, ó lè ní kí England tún wá gbá lójú ẹsẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí àwọn tirẹ̀ ló tún gbá, wọ́n gba 182 láìsí ẹni tó jáde, kó tó ní ó tó. Télọ̀ ní àṣìṣe ńlá ni, pé ọjọ́ kan péré ló kù, bí eré bá parí ní ọ̀mì ńkọ́? Ọmọ Guyana bínú, nítorí ọmọ Guyana ni Lloyd. Ó ní ṣé irin ni wọ́n fi ṣe Holding ni? Ṣé kò yẹ kó sinmi nínú irú oòrùn yìí? Dẹ́rẹ́bà ní gbogbo yín ò tiẹ̀ dárúkọ Greenidge, ṣé torí pé ọmọ Barbados ni? Télọ̀ ní kí wọ́n dákẹ́, ta ló gba 291? Mo wá rí i pé bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn ní West Indies yẹn, ó dà bí ìgbà tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú bá jọ jókòó.

Ni wọ́n bá dé orí Greig tó rákòrò. Dẹ́rẹ́bà ní ká dárí jì í, pé ọkùnrin tó lè rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti gbìyànjú. Télọ̀ ní yẹ̀yẹ́ ló ń fi wá ṣe. Ọmọ Guyana ní ẹ̀rù Holding ló ń bà á, ó ń bẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ de ọ̀la. Dẹ́rẹ́bà wá kọjú sí mi, ó ní, “Áfíríkà, kí ni ìwọ rí sí i?”

Ẹnu ń yún mi. Mo ní nílé wa, ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tẹ́. Mo ní bí ẹni tó ṣẹ̀ bá ti dọ̀bálẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ á ní kó dìde, ìjà parí nìyẹn. Mo ṣàlàyé títí, mo ń fi àṣà yangàn.

Bàbá onílé gbé dómínò ọwọ́ wọn sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa bá mi sọ̀rọ̀ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní, “Ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ nílé yín, ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín? Ṣé iwájú ẹni tó ṣẹ̀ ló ń lọ, àbí inú pápá ló ń dúró sí kí èrò lè wò ó?”

Mi ò lè dáhùn. Wọ́n ní ìyá tó bí ìyá ìyá àwọn, inú oko ìrèké ni wọ́n bí i sí, ẹrú ni, ọmọdé ni nígbà tí òmìnira dé ní Jàmáíkà ní ọdún 1838. Wọ́n ní nígbà tí òyìnbó bá sọ pé kí àwọn rákòrò, ojú ìyá yẹn ni àwọn ń rí. Wọ́n wá ní, “Èyí tí Greig sọ, mo lọ sí Oval lọ́jọ́ Sátidé nígbà tí Holding ju igi rẹ̀ wó, mo sì pariwo tó bí mo ṣe fẹ́. Èyí tí wọ́n sọ nínú kíṣìnnì mi, níbo ni n ó ti lọ pariwo tiẹ̀?”

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ò mọ ẹni tó ń bá wí. Èmi mọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ojo ni mo ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní iṣẹ́ ti yá, mo dìde, mo lọ sí ilé búrẹ́dì. Gbogbo òru ni mo fi ń ronú. Àwa ni a ní gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ó dára, èmi tí inú ń run gan-an, kí ló dé tí mi ò tíì dakùn délẹ̀?

Lọ́jọ́ kejì, ariwo ló jí mi lójú oorun. Holding ti tún ju igi Greig wó, ayò kan ṣoṣo ló gbà! Mo sọ̀ kalẹ̀. Bàbá onílé nìkan ló wà níwájú tẹlifísàn. Mo na gbalaja sílẹ̀ níwájú wọn, mo fi àyà lélẹ̀. Wọ́n fò dìde, wọ́n rò pé mo dákú ni, wọ́n figbe ta sí ìyàwó wọn pé kó gbé omi wá. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò dákú. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní kíṣìnnì ni. Mo jẹ̀bi.” Mi ò fi irú kẹ́wọ́, mi ò ní ìyàwó wọn ló kọ́kọ́ bú mi.

Wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, “Ìwọ ò rẹ́rìn-ín.” Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Dìde jàre, o dí mi lójú, mi ò rí tẹlifísàn.” Mo jókòó tì wọ́n, a jọ wo ìyókù. Holding mú 6 lọ́tẹ̀ yìí, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 14. Ayò 231 ni West Indies fi borí.

Ìyá onílé ò gbà bọ̀rọ̀ o, mi ò sì bá wọn wí. Ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó bi mí pé ìlú wo ni mo tiẹ̀ ti wá. Mo ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Wọ́n jókòó. Wọ́n ní Westmoreland ni àwọn ti wá ní Jàmáíkà, pé abúlé kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Abeokuta, àwọn tí wọ́n ń pè ní Nàgó ló tẹ̀ ẹ́ dó. Ara mi bù máṣọ. Mo ti ń fi títa bú àwọn tó gbé orúkọ ìlú mi sọdá òkun, tí wọn ò jẹ́ kó sọnù.

Greig kú ní ọdún 2012. Kó tó kú, ó ti sọ pé òun kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ tí òun sọ. Bàbá onílé ti lọ, ìyá náà ti lọ. Ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Mo ti pe ọmọ-ọmọ mi padà, mo sọ gbogbo èyí fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín. Mo ní kó lọ bá ọmọ Jàmáíkà yẹn kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kó má ṣe é níwájú èrò, kó má sì rẹ́rìn-ín. Kò tíì sọ fún mi bóyá ó lọ. Mò ń retí fóònù rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Àgbà kan ní Abẹ́òkúta.