Àbàwọ́n Omi Lára Ọkọ̀ Ìyá Wa

Ní ọjọ́ kejì Àjíǹde ọdún 2024, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni tí ó ti Èkó wá bá wa ṣe ọdún ní Adó-Èkìtì, dúró níwájú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ìyá wa. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka ra ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì bi mí léèrè pé, "Katikíìsì, ṣé báyìí ni a ti ń tọ́jú ohun tí a dáwó jọ rà?"

Ojú tì mí gidigidi, nítorí tí òtítọ́ ni ó ń sọ. Ọkọ̀ náà dúdú, ó sì ń dán bí kóró iṣin nígbà tí a gbà á ní ọdún méjì ṣáájú. Tòkúnbọ̀ ni, àwa ọmọ ìyá mẹ́rin ni a pawọ́ pọ̀ rà á, kí ìyá wa má baà tún máa gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn. Lọ́dọ̀ mi ni ìyá ń gbé, nítorí náà lọ́wọ́ mi ni ọkọ̀ wà. Nísinsìnyí ara rẹ̀ ti kún fún òrùka funfun wẹ́wẹ́, ọ̀kan nínú èkejì, ọ̀kan lórí èkejì, bí ojú ẹni tí ilẹ̀gbóná ti bá jà rí.

Ọmọkùnrin kan wà ní ilé mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ọmọ àbúrò mi tí ó ti di olóògbé. Òun ni í fọ ọkọ̀ náà ní gbogbo Sátidé. Bí ẹ̀gbọ́n mi ti padà sí Èkó, mo pe ọmọ náà, mo sì bá a wí lọ́nà tí kò yẹ. Mo wí fún un pé ọ̀lẹ ni, pé kì í ṣan ọṣẹ kúrò tán, pé aṣọ ìdọ̀tí ni ó fi ń nu ún. Mo gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní bá wa gùn ún lọ sí ìgbéyàwó tí a ń múra rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Kò jiyàn. Ó wolẹ̀, ó ní, "Ó dáa, Bàbá," ó sì lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé yìí mọ irú "ó dáa" bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, èmi tìkára mi ni mo fọ ọkọ̀. Mo ti lọ síbi ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin, nítorí náà òòrùn ti mú kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo fa omi láti inú kànga ẹlẹ́rọ àdúgbò wa, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní bohóòlù. Mo fi ọṣẹ tí ó dára fọ̀ ọ́, mo ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì wọlé lọ mu ẹ̀kọ. Nígbà tí mo jáde, àwọn òrùka funfun náà ti jókòó sí ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tilẹ̀ pọ̀ ju ti ọmọ náà lọ.

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀ kí n ronú. N kò dúró. Mo mú kànhìnkànhìn, mo bu yẹ̀fun ìfọ̀kòkò sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha bọ́nẹ́ẹ̀tì náà bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò tí ọbẹ̀ jó mọ́. Díẹ̀ nínú àwọn òrùka náà kúrò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dà omi sí i tí òòrùn sì tàn bá a, mo rí ìlà tín-ín-rín yíká yíká bí òwú aláǹtakùn, níbi gbogbo tí ọwọ́ mi ti kọjá.

Ìyàwó mi ti ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ní, "Bàbá Tóyìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá wo inú kẹ́tùrù yìí ná." Mo wò ó. Èépá funfun ti bo ìdí rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Omi kan náà ni. Ta ni kò fọ èyí dáadáa?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ wa mọ̀ pé orí àpáta ni a ń gbé. Láti Adó títí dé Ìkẹ́rẹ́, níbi tí Olóṣùnta àti Òròlé ti dúró bí erin méjì lẹ́yìn ìlú, àpáta ni ìpìlẹ̀ ohun gbogbo. Omi òjò a máa gba inú erùpẹ̀ wọ inú sísán àpáta lọ. Bí ó ti ń pẹ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara òkúta sínú ara rẹ̀: kálísíọ̀mù, magnẹ́síọ̀mù, sílíkà àti àwọn iyọ̀ mìíràn. Ojú kò rí wọn. Omi náà mọ́ gaara, a sì ń mu ún láìsí ewu. Ṣùgbọ́n nígbà tí òòrùn bá fa omi lọ sókè, kì í fa ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lọ. Yóò fi í sílẹ̀ lórí irin. Ọkọ̀ dúdú a sì máa gbóná ju funfun lọ nínú òòrùn, nítorí náà omi kì í pẹ́ gbẹ lára rẹ̀, àmì rẹ̀ a sì hàn ketekete.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ òrùka? Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí n sùn bọ̀rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà ṣe àlàyé rẹ̀ ní ọdún 1997, láti ara àbàwọ́n tí kọfí í fi sílẹ̀ lórí tábìlì. Etí ìkán omi ni ó máa ń yára gbẹ jù, etí náà kì í sì í kúrò lójú kan. Omi àárín a sáré lọ síbẹ̀ láti dí ààyè tí ó ṣófo, a sì gbé ẹrù rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo pe ọmọ náà níṣojú ìyá mi àti ìyàwó mi. Kí n tó la ẹnu, mo bi í bóyá òun náà ti ṣàkíyèsí ohunkóhun. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní nígbà tí òun bá fọ ọkọ̀ ní ìdájí, àbàwọ́n kì í pọ̀. Ó ní nígbà tí òun bá bu omi òjò nínú àgbá tí ó wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sí rárá. Mo ní, "Kí ló dé tí o kò fi sọ fún mi?"

Ó ní, "Ẹ kò bi mí, Bàbá."

Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé láti ìgbà tí mo ti kúrò ní kọ́lẹ́jì ìjọ, ó sì ti lé ní ogún ọdún. Ìdáhùn kan kò tíì gún mi báyìí rí. Mo wí fún un pé mo ṣẹ̀ ẹ́, pé iṣẹ́ rẹ̀ dára, pé omi àti òòrùn ni ó bà á jẹ́, àti pé èmi ni mo ha bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò rọrùn láti sọ. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bí ẹni pé òun ni ó jẹ̀bi, títí ìyàwó mi fi fà á dìde. Ìyá mi dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá rẹ̀ náà kì í sọ̀rọ̀ bí a kò bá bi í."

Láti ọjọ́ náà ni àwa méjèèjì ti jọ ń ṣe ìwádìí. A mú àwo dúdú mẹ́ta. A kán omi bohóòlù sí èkíní. Sí èkejì, omi tí ó kọ́kọ́ ṣàn láti orí páànù nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Sí ẹ̀kẹta, omi òjò kan náà lẹ́yìn wákàtí kan. A gbé wọn sínú oòrùn. Èkíní fi òrùka funfun sílẹ̀. Èkejì fi ẹrẹ̀ pupa rúsúrúsú sílẹ̀, nítorí eruku ni òjò àkọ́rọ̀ ń fọ̀ kúrò lórí òrùlé. Eruku ọyẹ́ mìíràn sì ti ibi jíjìnnà wá, láti àfonífojì Bodélé ní ilẹ̀ Chad. Ẹ̀kẹta gbẹ, kò sì sí ohun tí a rí. Àwọn olùkọ́ lè ṣe èyí níwájú kíláàsì láìná kọ́bọ̀.

Ó kù bí a ó ti mú èyí tí ó wà lára ọkọ̀ kúrò. Ìyàwó mi ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú kẹ́tùrù, ó sè é, èépá náà sì ṣí. Mo fẹ́ sáré gbé ọsàn lọ bá ọkọ̀, ṣùgbọ́n mo ti kọ́gbọ́n, mo kọ́kọ́ lọ bá àgbà péńtà kan ní Ajílòsùn. Ó ní ọsàn lè ṣe é, ṣùgbọ́n a kò mọ bí kíkan rẹ̀ ti tó, ọ̀rá àti ṣúgà inú rẹ̀ a sì lẹ̀ mọ́ ọ̀dà; ọtí kíkan aláìláwọ̀ ni kí n rà. Ó ní kí n pò ó mọ́ omi òjò ní ìwọ̀n kan náà, kí n kọ́kọ́ fọ eruku kúrò lábẹ́ ibòji nígbà tí irin bá tutù, kí n rẹ aṣọ múlọ́múlọ́ sínú rẹ̀, kí n tẹ́ ẹ lé àbàwọ́n fún bí ìṣẹ́jú méjì, kí n má jẹ́ kí ó gbẹ síbẹ̀, kí n sì fi omi púpọ̀ ṣan án. Ẹ fi èèpo ẹyin sínú ọtí kíkan, ẹ ó rí iṣẹ́ kan náà: èèpo náà yóò máa hó kúṣẹ́kúṣẹ́, yóò sì máa yọ́. Sílíkà nìkan ni ọtí kíkan kò rí mú.

Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún mi. Àwọn ọkọ̀ òde òní ní ìpele ọ̀dà kan lókè pátápátá tí kò ní àwọ̀, tí ó dàbí gíláàsì. Nínípọn rẹ̀ kì í sábà ju máíkírọ́ọ̀nù 50 lọ, ìyẹn ni pé ó fẹ́lẹ́ ju ọ̀pọ̀ irun orí lọ. Bí àbàwọ́n bá pẹ́ nínú ooru, a máa jẹ ìpele yìí wọlé, ọtí kíkan kò sì lè kún ihò. Nígbà náà, ọ̀rá tí ó ní iyẹ̀rẹ̀ kíkúnná nínú ni a fi ń pa á, èyí tí í gé díẹ̀ kúrò lára ìpele náà kí ojú rẹ̀ lè dọ́gba. Ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù yóò bá irin pàdé. Ó wo àwọn ìlà ọwọ́ mi lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó mi orí, kò sì bi mí ta ni ó ṣe é. Ó pa á títí ó fi rọlẹ̀ díẹ̀, ó ní òun kò ní pa á jù bẹ́ẹ̀.

Ní ti dídènà rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. A ń fọ ọkọ̀ kí òòrùn tó yọ. A kì í fọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: òrùlé ni àkọ́kọ́, a ṣan án, a nu ún gbẹ, kí a tó sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Omi òjò ni a fi ń ṣan án kẹ́yìn, a sì ń dà á jẹ́jẹ́ kí ó lè ṣàn lọ pọ̀ láìfọ́nká. (Ìbòji igi máńgòrò dára, àfi ti àwọn ẹyẹ rẹ̀, ìgbẹ́ wọn burú fún ọ̀dà ju omi lọ.) Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta a ń fi ìda ọkọ̀ pa á, kí omi má baà rí ibi dìmú. Síbẹ̀ ìda kò ní kí a má nu ún: omi tí ó bá dúró róbótó lórí ìda, tí òòrùn sì bá a níbẹ̀, yóò fi òrùka tirẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tún wá ní Kérésìmesì. Ọkọ̀ náà ń dán. Ó rìn yí i ká, ó fi ìka ra á gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú sí bọ́nẹ́ẹ̀tì níbi tí òòrùn ti ń tàn.

Ó ní, "Òrùka ti lọ. Ta ni ó wá ha ibí yìí?"

Ọmọ náà dúró lẹ́bàá taya, ó ń fún omi kúrò lára aṣọ ìnura. Kò gbé orí sókè.

Mo ní, "Èmi ni."