Wo Ìlà Tó Ṣáájú

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. O ní ìlà pupa tí TypeScript, èdè tó o fi ń kọ prógíráàmù, ń fà sábẹ́ iṣẹ́ rẹ ti sú ọ, pé ńṣe ló dà bí olùkọ́ tó fi pàṣán dúró síni lẹ́yìn. Jọ̀ọ́, má tíì pa á tì. Mo mọ ibi tí ìlà pupa yẹn ti ṣẹ̀ wá, ó sì wù mí kí ìwọ náà mọ̀ ọ́n.

Láyé àtijọ́, ìyà ń jẹ ẹni tó bá ń kọ prógíráàmù sórí kọ̀ǹpútà kékeré. Bó bá kọ iṣẹ́ rẹ̀ tán, á jáde níbi tó ti ń kọ ọ́, á wá pe kọ̀ǹpáílà, èyí tó ń sọ ohun tá a kọ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Kọ̀ǹpáílà á ka iṣẹ́ náà lákàtúnkà, flọ́pì kan á jáde, òmíràn á wọlé. Àmì kan ṣoṣo tó bá gbàgbé, ó di kó tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Denmark kan, Anders Hejlsberg, ló kọ kọ̀ǹpáílà tó tú irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Iléeṣẹ́ Borland ní Kalifọ́níà, tí Philippe Kahn ń darí, gbé e jáde lóṣù kọkànlá ọdún 1983, wọ́n pè é ní Turbo Pascal. 49.95 dọ́là ni wọ́n ń tà á, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là. Ibi tó o ti ń kọ̀wé àti kọ̀ǹpáílà fúnra rẹ̀ wà nínú fáìlì kan náà. Ní ẹ̀dà 3.02, báìtì 39,731 péré ni fáìlì yẹn. Fọ́tò kan tó ò ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp jù ú lọ!

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpáílà yìí ń ka iṣẹ́ ẹni, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kì í wẹ̀yìn. Èdè Pascal tí Niklaus Wirth, ará Switzerland, gbé kalẹ̀ ní 1970 ló jẹ́ kíyẹn ṣeé ṣe, torí o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ nǹkan kó o tó lò ó, bí ìgbà téèyàn ń fi àlejò han ará ilé kí wọ́n tó gbé oúnjẹ fún un.

Ẹ̀dà 7.0 ti Turbo Pascal ni mo fi kọ́ṣẹ́. Ojú rẹ̀ búlúù, lẹ́tà rẹ̀ yẹ́lò. Lọ́jọ́ kan, mo tẹ Ctrl àti F9 kí prógíráàmù mi lè ṣiṣẹ́, ọ̀já pupa kan yọ lókè: Error 85, ó ní semicolon (;) kò sí. Àmì tó ń ṣẹ́jú lọ dúró síbẹ̀rẹ̀ ìlà kejì. Mo tẹjú mọ́ ìlà kejì yẹn títí ojú fi ń ro mí, mi ò rí àléébù kankan níbẹ̀. Ẹnì kan tó ṣáájú mi lẹ́nu iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ wò ó látẹ̀yìn mi, ó ní, "Wo ìlà tó ṣáájú."

Òótọ́ ni, ìparí ìlà àkọ́kọ́ ni semicolon ò sí. Ìparí ìlà kò já mọ́ nǹkan kan lójú Pascal, ó ń wá semicolon rẹ̀ lọ ni, àfìgbà tó kan ọ̀rọ̀ mìíràn nísàlẹ̀ ló tó mọ̀ pé kò sí. Kò parọ́ fún mi. Ibi tó ti mọ̀ ló fi hàn mí, kì í ṣe ibi tí mo ti ṣì í. Mo rò pé ọjọ́ yẹn gan-an ni mo di ẹni tó ń kọ prógíráàmù, torí látìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé kí ni kọ̀ǹpáílà ti kà kó tó dé ibí.

Hejlsberg lọ sí Microsoft ní 1996. Òun ló léwájú níbi iṣẹ́ èdè C#, òun náà ló sì wà nídìí TypeScript tó jáde ní 2012. Ọwọ́ tó fa ọ̀já pupa tèmi ló ń fa ìlà pupa tìrẹ, àfi pé tìrẹ kì í dúró dìgbà tó o bá tẹ bọ́tìnì. Èèyàn máa ń yin Turbo Pascal nítorí ó yára. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé ìyára yẹn mú ìbẹ̀rù kúrò lára mi: mo lè dán nǹkan wò nígbà ogún kí tíì mi tó tutù.

DOSBox, tó ń jẹ́ kí prógíráàmù àtijọ́ ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà òde òní, ti wà lórí láptọ́ọ̀pù mi, Turbo Pascal 7.0 sì wà nínú rẹ̀. Mo ti kọ prógíráàmù onílà mẹ́wàá kan dè ọ́ di Kérésì, mo sì ti yọ semicolon kan kúrò. Mi ò ní sọ ibi tí mo ti yọ ọ́.

Màmá ní kí n kí ọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.