Ìtẹ̀ka Bàbá Ìbejì

Ní abúlé kan lẹ́bàá ọ̀nà tó so Ilé-Ifẹ̀ mọ́ Oǹdó, àwọn ọmọdé kì í dúró kí oòrùn wọ̀ tán kí wọ́n tó sáré lọ pàdé Bàbá Ìbejì. Àpò tó máa ń gbé kọ́ èjìká bọ̀ láti oko kì í ṣófo. Bí kò bá sí ìgbín nínú rẹ̀, àgbàdo sísun yóò wà níbẹ̀, tàbí àgbálùmọ̀ nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó. Kì í sì í ṣe ọmọ tirẹ̀ nìkan ló ń pín in fún. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń bá ìyàwó rẹ̀ ru igi ìdáná wálé. Èsì rẹ̀ kò ju pé ṣebí òun náà wà lára àwọn tí yóò jẹ ọbẹ̀.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kòkó lè rò pé kíká ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn kíká gan-an ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò la èso náà, wọn yóò kó hóró rẹ̀ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́fà títí tí yóò fi gbóná tí omi rẹ̀ yóò sì ro dànù, wọn yóò wá sá a sóòrùn. Bí òjò bá ṣú lóru, gbogbo ilé ló ń dìde kó o wọlé. Ní ilé Bàbá Ìbejì, òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló máa ń jáde. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn,” ni yóò wí, “wọ́n ń lọ síléèwé lọ́la.”

Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀wé. Ó ti dàgbà kọjá ẹni tí ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló jẹ àǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé mẹ́fà ni ọ̀fẹ́ náà mọ. Ní 1972, Táyé àti Kẹ́yìndé jọ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama: owó ilé ẹ̀kọ́ méjì, àpótí méjì, aṣọ méjì-méjì. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ UPN ń ṣàkóso sọ girama di ọ̀fẹ́ ní 1979, àwọn Ìbejì ti jáde. Àwọn àgbà ti gbà á nímọ̀ràn pé kí ọ̀kan lọ síléèwé, kí èkejì tẹ̀ lé e lọ sóko. Ó ní àwọn méjèèjì jọ wá ni.

Ọdún yẹn ni oko tó jogún ní òdìkejì odò bọ́ sọ́wọ́ olówó kan ní ìlú kejì. Ará abúlé ní ó ti tà á. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu ni pé oko yẹn kan náà ló tún ń lọ ṣe àgbàṣe nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń pín ẹ̀bùn fún àwọn tí ń jáde ní 1976, Kẹ́yìndé gba ẹ̀bùn méjì, baba rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kòkó olówó ni ó ń ká. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọmọ yìí lára, kò sì kúrò níbẹ̀ títí tó fi dẹni tó ní ọmọ tirẹ̀ ní Èkó.

Bàbá Ìbejì ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà tó jáde láyé. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ jókòó láti ka ohun tó fi sílẹ̀. Kẹ́yìndé ní kí wọ́n má ka ti òdìkejì odò mọ́ ọn, Bàbá ti tà á. Ìyá wọn dìde láìsọ̀rọ̀, ó wọ yàrá, ó sì mú ìwé kan jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí onírin.

Wọn kò ta oko náà rí. Wọ́n fi í dógò ni. Olówó yóò máa ká kòkó ibẹ̀ jẹ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá san gbèsè rẹ̀. Tíṣà abúlé ló kọ ìwé náà. Ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ owó pọ́n-ùn. Láti 1973 ó di náírà. Ní oṣù kìíní ọdọọdún ni wọ́n ń fi ìlà kan kún un, orúkọ ọmọ tí wọ́n torí rẹ̀ yáwó, àti ìtẹ̀ka baba wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn orúkọ àwọn Ìbejì, orúkọ àwọn àbúrò wọn mẹ́ta tẹ̀ lé e.

Láyé àwọn baba ńlá, ọmọ ni wọ́n máa ń fi ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè baba. Ọkùnrin yìí yí i padà: ó sọ ara rẹ̀ di alágbàṣe nínú oko ara rẹ̀ fún ọdún 15, nítorí ìwé ọmọ.

Ìlà tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti 1987. Ní ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ tú àjọ tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ká, tí owó kòkó sì fò sókè. Àwọn mìíràn fi tiwọn ra alùpùpù, àwọn mìíràn fi kan pánù tuntun. Pánù ilé Bàbá Ìbejì ń jò títí tó fi kú. Oko ló fi tirẹ̀ gbà padà.

Kẹ́yìndé ka ìtẹ̀ka náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n wá a nílé tì. Òdìkejì odò ni wọ́n ti bá a, pẹ̀lú ṣòkòtò tó wọ̀ wá láti Èkó, tó ń fi àdá baba rẹ̀ ṣán abẹ́ igi kòkó.