Mo Ń Ṣọ́ Iná Kọ̀ǹpútà Lò

Ní Ọ̀wọ̀ níbí, iná ìjọba kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbójú lé. Bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká ni àbúrò mi fi ń kàwé ìdánwò JAMB lálẹ́, kì í sì í lò ju wákàtí méjì lọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ra bátìrì tuntun.” Owó rẹ̀ kò sí.

Lọ́dún 1996 ni Intel, Microsoft àti Toshiba gbé ìlànà ACPI jáde. Òun ló jẹ́ kí ètò inú kọ̀ǹpútà lè pàṣẹ fún ẹ̀yà ara rẹ̀ pé kí èyí ṣiṣẹ́, kí tọ̀hún sinmi. Mo dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, mo pa Wi-Fi, mo sì ní kí ọpọlọ rẹ̀ má sáré. Ìwé kíkà kò gba eré.

Bí a bá fẹ́ jẹun, a ó tẹ “Sleep”, tó ń fi iná díẹ̀ ṣọ́ iṣẹ́ wa. Bí a bá fẹ́ sùn mọ́jú, “Hibernate” ni: ó ń kó iṣẹ́ náà pamọ́ sínú dísìkì, kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ iná rárá.

Wákàtí méjì ti lé ní mẹ́ta báyìí. A kò lè pàṣẹ fún iná ìjọba, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ wa ń gbọ́ràn.