Ọkọ̀ Àtijọ́ àti Iná Titun ní Kùmásì

Ẹni tí ó bá wọ Suame Magazine ní ìlú Kùmásì ní òwúrọ̀, etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ ibi tí ó dé fún un, kí ojú tó rí i. Òòlù ń dún lórí irin, ẹ́ńjìnì kan ń ké níhìn-ín, òmíràn ń wúkọ́ lọ́hùn-ún. Orúkọ Magazine yìí kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ìwé kíkà, bí ìbá tilẹ̀ dùn mọ́ olùkọ́ nínú kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bá ibi tí àwọn ọmọ ogun ń kó ohun ìjà sí láyé àtijọ́ ni àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Suame, wọ́n kó orúkọ náà dání. Fítà ni àwọn ará Gánà ń pe ẹni tí àwa ń pè ní mẹkáníìkì. Ní ọdún 1980, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìlú náà dá ibi ìkọ́ṣẹ́ kan sílẹ̀ láàárín wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ni ó jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀gá ni wọ́n ti kọ́ ohun tí wọ́n mọ̀.

Lábẹ́ àtíbàbà kan níbẹ̀ ni ọkọ̀ MGB pupa kan wà. Oníjòkòó méjì ni, òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, ọ̀kan nínú irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1962 títí di ọdún 1980. Ọdún 1965 ni wọ́n ṣe èyí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Kùmásì ni ó rà á lọ́wọ́ òyìnbó tí ń padà sí ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbádùn rẹ̀ pẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkùnrin náà kó aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ akérò, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ MGB náà lé fítà rẹ̀ lọ́wọ́. Kò padà wá mọ́ títí ó fi kú.

Ọmọ iṣẹ́ fítà náà ni ó ti wá di ọ̀gá àgbà inú àtíbàbà yìí. Òun náà lọ wá owó sí Mushin ní Èkó nígbà tí nǹkan le ní Gánà. Ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ Yorùbá, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti lé e ní oṣù kìíní ọdún 1983, nígbà tí Nàìjíríà ṣe fún àwọn ará Gánà gẹ́gẹ́ bí Gánà ti ṣe fún tiwa. Nígbà tí ó padà dé, ó bá ọkọ̀ náà níbi tí ọ̀gá rẹ̀ gbé e sí. Láti ìgbà náà ni ó ti ń ṣáná sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí irin má bàa gan. Òun kan náà ni ó gbé ìtọ́kọ̀ rẹ̀ láti apá ọ̀tún sí apá òsì, nítorí pé ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1974 ni Gánà ti bẹ̀rẹ̀ sí gba apá ọ̀tún ọ̀nà.

Ọmọ oníṣòwò náà, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, ni ó wá gbé ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Ó fẹ́ wà á gba Aflao, Lomé àti Kútọnù lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nínú àpò rẹ̀ ni páálí kékeré kan wà tí ọmọbìnrin rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù: ohun ìtanná ẹlẹ́kitiróníìkì, tí yóò gba ipò kọ́ńtáàtì.

Iná bátìrì 12 volt kò lágbára tó láti fò kọjá ẹnu púlọ́ọ̀gì. Inú kọ́ìlì ni ó ti ń di 20,000 volt tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn nígbà tí a bá já iná tí ń wọ inú rẹ̀ lójijì. Iṣẹ́ kọ́ńtáàtì ni láti já a. Orí irin kékeré méjì tí ó fẹnu ko ara wọn ni. Ọ̀pá onígun mẹ́rin tí ń yí nínú dísírìbútọ̀ a tì wọ́n yà, wọn a sì tún padà pàdé. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 100 ni wọ́n ń yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí ni yóò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí kò ní gbó? Iná a jó ojú wọn, gígísẹ̀ wọn a jẹ, àlàfo àárín wọn, tí kò gbọdọ̀ ju 0.40 mìlímítà lọ tí kò sì gbọdọ̀ dín sí 0.35, a máa kéré sí i, ọkọ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí ta kú lórí òkè.

Ohun titun náà kò ní ẹnu tí ń pàdé. Òrùka òòfà ni wọn ń fi sórí ọ̀pá onígun mẹ́rin náà. Ẹ̀rọ kékeré kan ń mọ̀ ọ́n lára bí òòfà ti ń kọjá, òun ni ó sì ń já iná. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Edwin Hall, ni ó ṣàkíyèsí ní ọdún 1879 ohun tí òòfà ń ṣe sí iná tí ń gba inú abala wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá. Orí àkíyèsí yìí ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dúró lé.

Inú bàbá fítà kò dùn sí i. Ó ní, “Tíṣà, kọ́ńtáàtì a máa ṣàìsàn kí ó tó kú, ọkọ̀ yóò sì ti sọ fún ọ. Èyí kì í ṣàìsàn. Ọjọ́ tí yóò bá kú, á kàn kú ni. Ta ni yóò tún un ṣe fún ọ lójú ọ̀nà Kútọnù?”

Olùkọ́ náà dáhùn pé, “Ẹ má bínú, Bàbá. Kọ́ńtáàtì tí wọ́n ń tà nísinsìnyí, kì í pẹ́ tí ó fi ń jẹ.”

Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Ohun tí kò lè sọ ni pé ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ó rí bàbá náà tí ó fi irin ìwọnlàfo sí ẹnu kọ́ńtáàtì lẹ́ẹ̀mẹta, tí ó sì pe ọmọ iṣẹ́ kí ó wá bá òun wò ó. Ojú bàbá náà ti ń ṣú. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé wọ́n rí i. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì ní kí ọmọ iṣẹ́ tú kọ́ńtáàtì kúrò.

Ọmọkùnrin náà já fáfá. Ó ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù. Ó tú u, ó fi òrùka sí i, ó fi ẹ̀rọ sí àyè rẹ̀, ó sì mú wáyà pupa lọ sí ibi tí iná ti ń wá. Bàbá náà kò tilẹ̀ wo ibẹ̀ nígbà tí ó béèrè pé, “Orí pọ́sítíìfù bátìrì ńkọ́, ibo ni wọ́n so ó mọ́?”

“Ara ọkọ̀ ni, Másítà.”

“Kí ni ìwé inú páálí wí?”

Olùkọ́ fi awò sójú, ó kà á. Orí nẹ́gátíìfù ni ìwé náà ní kí ó wà lára ọkọ̀, bí ó ti rí lára àwọn ọkọ̀ òde òní. Títí di ọdún 1967 ni wọ́n ń so pọ́sítíìfù mọ́ ara MGB. Bí wọ́n bá ti yí kọ́kọ́rọ́ ni, ẹ̀rọ náà ìbá ti jóná kí ó tó ṣiṣẹ́ kankan. Kò sẹ́ni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Bàbá náà dìde fúnra rẹ̀. Ó yí okùn bátìrì méjèèjì tí ó wà lẹ́yìn ìjókòó padà, ó yí wáyà orí kọ́ìlì, ó tú wáyà kan lára dáínámò, ó sì fi iná bátìrì kan ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí irin inú rẹ̀ lè mọ ìhà tí iná yóò máa gbà láti òní lọ. Iṣẹ́ yìí kò gba ojú rárá. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Aago tí ń ka yíyí ẹ́ńjìnì kú ní ọjọ́ náà, kò sì sí ẹni tí ó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣáná sí ọkọ̀, ó gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń dún geerege. Bàbá náà gbé etí sí i títí, ó ní, “Ó dára.” Lẹ́yìn náà ó kìlọ̀ pé bí ẹ́ńjìnì kò bá ṣiṣẹ́, kí wọ́n má ṣe fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní títàn, nítorí ooru yóò mú kọ́ìlì àti ẹ̀rọ titun náà.

Kò tíì parí. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ fi ìwé ìhọ-irin nu ojú kọ́ńtáàtì àtijọ́, kí ó kàn án mọ́ àwo rẹ̀ pẹ̀lú kọ́ńdẹ́ńsà, kí ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo mílíkì pẹ̀lú sukudúráfà kékeré àti irin ìwọnlàfo. Nígbà náà ni ó wá kọjú sí olùkọ́. Ó mú kí ó tú ohun titun náà kúrò, kí ó fi ti àtijọ́ sí i, kí ó ṣáná, kí ó sì tún yí i padà. Olùkọ́ tí ó ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọgbọ̀n ọdún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, òógùn ń kán lójú rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ sì ń rẹ́rìn-ín sínú. Nígbà kìíní, ó sọ ìdè kan nù sínú erùpẹ̀. Nígbà kejì, ọkọ̀ kọ̀. Nígbà kẹta, ó ṣe é láàárín ogún ìṣẹ́jú láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni MGB náà jáde kúrò ní Suame, ó gba ọ̀nà Nkawkaw lọ sí Accra. Agolo mílíkì náà wà lábẹ́ ìjókòó, níbi tí ọwọ́ awakọ̀ lè tó o.